Igbó Tí Wọ́n Ní Mo Gbìn Sórí Ìjọ

Ọ̀sí. Ọjọ́rú, 4 oṣù Ọ̀wàrà, 2023
Àdúrà obìnrin lónìí. Pásítọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ ìlera díẹ̀, torí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní báyọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo là á yé wọn: ara èèyàn ń ṣe èròjà kan fúnra rẹ̀ tó jọ tinú igbó tí àwọn ọmọ ìta ń fà. Ó wà nínú ọpọlọ, ó wà nínú ìfun. Òun ló ń bá wa pẹ̀rọ̀ sí ìrora, ó ń jẹ́ ká sùn, ó ń jẹ́ kí oúnjẹ wù wá, ó ń dín ẹ̀rù kù. Igbó kàn ń jalẹ̀kùn rẹ̀ wọlé ni. Bó bá sì pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ilẹ̀kùn á bàjẹ́. Èmi rò pé mo bu ẹnu àtẹ́ lu igbó. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5
Gbogbo Ọ̀sí ti gbọ́ pé mo ní Ọlọ́run gbin igbó sórí wa.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Màmá Princess, aládùúgbò mi, wá kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ó ní, "Tíṣà, ugbó tẹ́ ẹ ní ó wà lára wa, apá ibo ló wà? Orúnkún ń dùn mí." Mo ní kí ó máa rìn kíákíá láràárọ̀ kí ara lè gbóná, kó sì ṣe èròjà náà sí i. Ó wò mí bí ẹni pé mo fi oògùn gidi pamọ́ fún un.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Baba Òfin dìde lẹ́yìn ìwàásù. (Akọ́ládé Olóyèdé lorúkọ rẹ̀, akọ̀wé ìgbìmọ̀ àgbà ìjọ. Inú ìwé yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Baba Òfin.) Ó ní ẹ̀kọ́ òdì ti wọ ìjọ. Bí n kò bá fọwọ́ síwèé pé irọ́ ni mo pa, ìjókòó ẹ̀yìn ló kàn. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ kì í jẹ oúnjẹ Olúwa, ìjọ kì í sì í bá a sìnkú. Màmá mi wà ní mọ́ṣúárì. Ogúnjọ́ oṣù yìí la fẹ́ sin wọ́n. Ó mọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 9
Dámiláre, àbúrò mi, pè láti Kàdúná. Ṣé mo fẹ́ kí màmá tó fi àádọ́ta ọdún gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn wọlẹ̀ láìsí akọrin ni? Torí báyọ́lọ́jì?

Ọjọ́rú, 11
Ìgbìmọ̀ jókòó lé mi lórí fún wákàtí mẹ́ta. Baba Òfin bi mí bóyá Ádámù fa igbó nínú ọgbà. Mo ní n kò sí níbẹ̀. Àgbà kan ní bí igbó bá wà lára gbogbo èèyàn, a jẹ́ pé ọlọ́pàá lè wá kó gbogbo ìjọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jíròrò ìyẹn — wọ́n ní kí Pásítọ̀ lọ bá DPO sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Mo fọwọ́ sí i. "Kò sí ohunkóhun lára èèyàn tó jọ igbó." Ọ̀rọ̀ Baba Òfin, ọwọ́ èmi. Ojú tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
A sin Màmá. Akọrin kọrin títí ohùn fi ha. Mo sunkún, mo jó. Ó dára. Ó dára púpọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 23
Baba Òfin gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ní láti oṣù kẹta òun kò rí oorun sùn, orúnkún ń ro òun, oúnjẹ kì í wu òun mọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Tíṣà, nǹkan tẹ́ ẹ fọwọ́ sí pé kò sí yẹn — ó jọ pé tèmi ti dín kù. Kí lèèyàn ń ṣe sí i?"

Ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi. Mo gbé bébà àti bírò síwájú rẹ̀: kí ó kọ ọ́ pé ó wà, pé tirẹ̀ ló dín kù, kí ó sì buwọ́ lù ú. Orúnkún borí òfin, ó buwọ́ lù ú. Mo wá ní kí ó lọ rí dókítà ná, bí dókítà bá sì gbà, kí ó máa rìn láràárọ̀ lọ sí ọ̀nà Ìlọ́fà. Ó ní ṣé kò sí èyí tó rọrùn jùyẹn lọ.

Màmá ti wọlẹ̀; kò sóhun tí wọ́n lè fi dè mí mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, màá ka ìwé méjèèjì sétígbọ̀ọ́ ìjọ, tèmi lákọ̀ọ́kọ́, màá sì ní irọ́ ni mo fọwọ́ sí. Ìjókòó ẹ̀yìn gùn, ó gba èèyàn méjì.