Ohùn Tí Mo Fi Pe Sàlíù

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Ojú Sàlíù ọ̀rẹ́ mi ni mò ń rò ṣáá.

Ìdíje rọ́gíbì parí lónìí ní pápá wa ní Ute. Dókítà obìnrin tó wá ṣèwádìí láti yunifásítì gbé ẹ̀rọ lésà kalẹ̀ létí pápá, wọ́n fi ń wo bí àwọn eléré ṣe ń yára sí. Láàárọ̀ ni wọ́n ti kìlọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wo ẹnu ẹ̀rọ yìí o, iná rẹ̀ lè ba ojú jẹ́." Imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Kó tó di ọ̀sán, mo ti kọ́ ohùn náà.

Lẹ́yìn eré, mo sápamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, mo fi ohùn dókítà pè: "Nọ́ńbà Méje, wo ibí!" Sàlíù, tó wọ nọ́ńbà méje, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹjú mọ́ iná náà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín.

Nígbà tó yá, mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, télọ̀. Ojú Bàbá ti di bàìbàì, Sàlíù ló máa ń bá wọn fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ń gbìyànjú, òwú ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Látìgbà tí mo ti wo iná ẹ̀rọ létí pápá, eṣinṣin dúdú kan bà sójú mi," ó ń rẹ́rìn-ín, "mo lé e títí, kò lọ."

"Ta ló ní kí o wo ẹ̀rọ yẹn?" Bàbá bi í.

"Dókítà ni, Bàbá. Mo gbọ́ ohùn wọn."

Bàbá ní àwọn á lọ bá dókítà láàárọ̀ ọ̀la. Dókítà á sì ní òun ò pe ẹnikẹ́ni...

Sàlíù bá kọjú sí mi: "Ìwọ, ṣe ohùn dókítà fún Bàbá, jàre, kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá rọra gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu mi.