Àgbò Tó Mi Ilẹ̀ Basin

Èmi, Jósẹ́fù Oyèníyì Àjíbóyè, ọmọ bíbí Ọ̀mù-Àrán, tí mo fi Basin ní Ìlọrin ṣe ibùgbé, olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Àwọn aládùúgbò mi lè jiyàn èyí, ṣùgbọ́n dókítà ti fọwọ́ sí i.

1. Mo yan Alhaji Sàlíhù, aládùúgbò mi, ṣe alámòójútó ogún mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi mọ ohun tó pa èmi àti Sàlíhù pọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ilẹ̀ mì ní Àbújá, ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, tí mo gbé sórí òpó kọnkéré ní ẹ̀yìnkùlé, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìlà gàdàgbà-gàdàgbà. Mo sáré lọ kéde lórí rédíò pé ilẹ̀ ń mì, gbogbo àdúgbò sì sùn síta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá àgbò Iléyá Sàlíhù níbi tí wọ́n so ó mọ́ òpó mi, tó ń fi ìwo họ ara kọnkéré. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni mo gbà gbọ́, èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ẹ̀rọ kan kò tó! Ìyá yín, Àṣàbí mi, ti rí àgbò náà láti ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀ ó gbé ẹní, ó bá mi sùn síta, kí n má bàa dá wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ti sọ fún un lọ.

2. Òpó náà di ti Sàlíhù. Kó máa so àgbò mọ́ ọn ní gbogbo Iléyá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe rédíò.

3. Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ní báyìí. Kí Ìtùnú gbé ọ̀kan sí Ọ̀mù-Àrán, kí Ẹniọlá gbé ọ̀kan sí Àbújá, kí Ayọ̀mídé gbé ìkẹta sí Ìlọrin, kó jìnnà sí òpó àgbò.

4. Ilé Basin jẹ́ ti ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n Sàlíhù kò ní fún yín ní kọ́kọ́rọ́ títí ẹ ó fi jọ ṣàwárí ibi kan tí ilẹ̀ ti mì, tí ẹ ó sì jọ fi àmì sí i lórí máàpù mi.

Láti ìgbà tí ẹ ti jà lórí ibi tí a ó sin ìyá yín sí, ẹ kì í gbé ìpè ara yín mọ́. Ó ń dùn mí. Bí ilẹ̀ bá mì, ẹ̀rọ kan á gbọ́ ìgbì tó yára, á tún gbọ́ èyí tó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Àlàfo àárín wọn ló ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, kì í sọ apá ibi tó wà. Nítorí náà, ẹ ó fi ìjìnnà yẹn ya òbírí yí ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà ká. Òbírí méjì á pàdé níbi méjì, ẹ ó sì tún máa jiyàn. Ìkẹta ló ń parí ẹjọ́. Kò sọ́jọ́ tí ilẹ̀ kì í mì níbì kan láyé, nítorí náà ẹ kò ní àwáwí. Bí àmì yín bá yẹ̀ díẹ̀, Sàlíhù kò ní mọ̀.

5. Ẹ má gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé náà. Ìlọrin jìnnà sí ibi tí ilẹ̀ ti ń mì tagbára-tagbára, ṣùgbọ́n àpáta ìsàlẹ̀ wa ní ojú sísán àtijọ́, àwọn ará Àbújá náà sì ti rò tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀ kò lè mì lọ́dọ̀ wọn. Èmi ni mo po sìmẹ́ǹtì ilé náà. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Òfin ní ẹlẹ́rìí méjì ti tó. Mo mú mẹ́ta, mo ti kọ́gbọ́n.

Mo fọwọ́ sí i ní Ìlọrin, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2024.
J. O. Àjíbóyè

Àwọn ẹlẹ́rìí: Danjuma Àyìndé, Barakah Yusuf, Abdulmateen Ọláìyá.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn síta nítorí mi ní ọjọ́ àgbò. Wọ́n ti dárí jì mí. Ẹ̀yin náà, ẹ pe ara yín.