Àwo Mẹ́ta Tí Ayé Kò Fẹ́

Bísímílláhì. Èmi, Mùtàlíbù Àkànó Ọládòkun, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Òṣogbo, tí mò ń gbé ní Dàda Ẹ́sítéètì, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí, kí ẹ mọ bí ẹ ó ṣe pín ohun tí mo bá fi sílẹ̀. Ọkàn mi ló ń ṣàìsàn, orí mi pé. Ẹ̀yin ọmọ mi, Awwal àti Kifayat, àti Lọ́yà Fọláránmi, alámùójútó ìhágún mi, ni mo kọ ọ́ sí.

1. Ilé mi àti oko kòkó Ifẹ̀wàrà, ẹ pín wọn bí Àlùkùránì ṣe là á sílẹ̀. Àgbò kan ni kí ẹ pa fún fídáù mi. Èmi kì í ṣe ọba.

2. Nínú òfin Ìsìláàmù, ajogún kò gbọdọ̀ gba ìhágún. Nítorí náà, Salmah, ìyàwó Awwal, ni mo há giramafóònù mi fún, pẹ̀lú àwo méjèèje Kọ́pà Lántánì, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì Ìlú Ọba. Awwal, má bínú. Ojú mi báyìí lo ṣe fẹ́ tà wọ́n lórí fóònù.

Mẹ́rin àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé ń wá. Mẹ́ta ìkẹyìn, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí akọrin wọn bá tirẹ̀ lọ, ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín. Èmi fẹ́ràn wọn, kò sẹ́ni tó lè yí mi lọ́kàn padà. Nínú ìkarùn-ún, dùùrù nìkan ló ń dún fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ó ń gbéra díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ojú irin ẹlẹ́rù. Ojú kìíní ìkẹfà kò dáa, mo gbà. Ẹ fò ó. Ìkeje, orin kan ṣoṣo ló gba ojú méjèèjì, kò sì sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Òun ni mò ń gbọ́ nígbà tí Raliat ìyàwó mi kú. Èmi náà kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Háà, mo fẹ́ràn obìnrin yẹn!

3. Béjidé Bólúwají ará Iléṣà, ọ̀rẹ́ mi, mi ò há nǹkan kan fún un, ì báà ṣe abẹ́rẹ́. Lọ́dún 1981, nínú pálọ̀ mi, ó ní ariwo lásán ni àwo keje. Mo lé e jáde. Kò mọ ohun tí orin náà jẹ́ fún mi, èmi ni mi ò sọ. Láti ìgbà náà, kò wá, n kò pè é. Agídí pàdé agídí.

Ẹni tó bá gba nǹkan nínú ìhágún kì í ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ìdí tí mi ò fi fún un ní nǹkan nìyẹn: ẹlẹ́rìí ni mo fẹ́ kó jẹ́. Lọ́yà, ẹ bá mi mú un wá kí n tó kú. Ẹ ka ìwé yìí sí i létí, kó gbọ́ àwo keje tán, kó tó fọwọ́ sí i. Bí kò bá wá, mi ò ní gba ẹlòmíràn, ìwé yìí kò ní múlẹ̀, kí Awwal máa tajà rẹ̀ lọ.

Mo fọwọ́ sí i ní Òṣogbo, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹta, ọdún 2024.
M. À. Ọládòkun

Ẹlẹ́rìí kìíní: Kàbírù Oyèṣọlá, aládùúgbò.

Ẹlẹ́rìí kejì: Béjidé Bólúwají, Iléṣà. Mo gbọ́ ọ tán. Kò dùn létí mi síbẹ̀. Àkànó, kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé orin Raliat ni? Mo ti ní kí Salmah tún gbé e sí ojú kìíní.