Ojú Tí Wọ́n Ń Rán Níṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ru ẹrù náà, ẹnu lásán lèmi ń fi kí yín láti òkèèrè. Kí ara yín le, kí oorun má jìnnà sí yín. Tí ẹ bá bèèrè èmi, mo ń mí. Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Mo ti ń lo oògùn náà láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé ìwòsàn yìí, ara ò tíì yá.

Ẹ ní kí n sọ bí iṣẹ́ dókítà kékeré ṣe rí. Àwa là ń gba ẹ̀jẹ̀, àwa là ń sáré gbé e lọ fún àyẹ̀wò, àwa náà là ń gba èébú tí èsì ò bá tètè dé. Lánàá, mo wọ ẹ̀wù iṣẹ́ sódì láti àárọ̀. Kò sẹ́ni tó rí i àfi bàbá kan tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún.

Àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n dìídì fi sílẹ̀ fún mi nìyí: tí aláìsàn bá kú, èmi lọ̀gá mi ń rán sí ẹbí rẹ̀. Ó ní, “Ojú tìẹ tutù, ìwọ lọ sọ fún wọn.” Nígbà tó yá, àwọn tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dá mi mọ̀. Bí mo bá ti yọ, kálukú á máa gbàdúrà kí n kọjá òun.

Lọ́jọ́ kan, ibi tí màá ti gba iná sí fóònù mi ni mò ń wá. Ẹ̀yìn àga ìyá kan ló wà, mo bá dúró níwájú rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ìyá ti ṣubú lulẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ti figbe ta. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bá nọ́ọ̀sì jà pé ṣúgà tíì òun ò tó! Nígbà tí mo ṣàlàyé, a rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ìyá náà sọ mí ní Dókítà Oníná, ó sì ń bá mi ṣọ́ fóònù lójoojúmọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ rẹ̀ kú. Ọ̀gá wò mí, mo lọ. Bí ìyá náà ṣe rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sún àga rẹ̀: “Oníná, ó yá, mú fóònù wá.” Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo padà sí wọ́ọ̀dù, mo gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹlòmíràn. Mi ò sunkún, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ fi fọ́tò èsì àyẹ̀wò Bàbá ránṣẹ́, ẹ ní kí n wálé lọ́jọ́ Sátidé wá ṣàlàyé fún wọn, torí èmi ni dókítà ilé. Mo kà á, mo tún un kà bóyá mo ṣì í kà ni. Mo fi han ọ̀gá mi. Ó fọwọ́ kan èjìká mi. Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ìwòsàn mọ́. Ohun tó kù ò ju ká jẹ́ kí ara tù wọ́n.

Bàbá ló máa ń sọ pé ojú mi ò lè purọ́. Màá wá. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn, kí n lè kí wọn ná kí wọ́n tó rí mi. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọlọ́run á dì yín mú. Kò ní rẹ̀ yín lọ́nà.

Èmi ni àbúrò yín,
Dókítà ilé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Bàbá ní kí n bá wọn ra bàtà tí wọ́n máa wọ̀ jáde tí ara wọn bá yá. Mo ti rà á. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ nínú ilé.