Alásárì Nínú Ilé Tẹ́tẹ́

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ilé. Mo ti padà sí Peckham nílùú Ọba láti Las Vegas, ìlú tẹ́tẹ́ tí mo bá bàbá arúgbó tí mò ń tọ́jú lọ. Àlàájì ní bí mo bá wọ ilé tẹ́tẹ́, àwọn kọ́ ni wọ́n bí mi. Ẹ sọ fún wọn pé mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìsinmi wa. Kò sí aago níbẹ̀. Fóònù mi ló rántí Alásárì. Mo tẹ́ jákẹ́ẹ̀tì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, mo kírun.

Ẹ̀ṣọ́ kan ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ yẹn kì í gbọ́ àdúrà."

Mo ní òun kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ má dààmú, yàrá mi níbí móoru dáadáa. Jákẹ́ẹ̀tì náà ni mò ń wọ̀ sùn. Ẹ bá mi kí Àlàájì. Ẹ ní ẹni tí wọn ò bí ń kí wọn.

Abdulqoyyum