Rédíò Tuntun Tí Kò Lè Gba Ooru

Ìkìrun, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ, 1964

Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ fún ọkọ mi, Bàbá Túnjí, ní Èkó pé àwọn rédíò alábátìrì tuntun tí wọ́n tà fún àwọn ará Ìnísà ń kú lọ́sàn-án? Àwọn ará Ìnísà ti ń pè wọ́n ní oníjìbìtì.

Tiwa náà dákẹ́ lónìí. Ìyá ọkọ mi ní, "Túnjí ló bà á jẹ́." Ó rẹ̀ mí. Mo gbé rédíò náà ti àmù omi, níbi tó tutù. Kò pẹ́, ó tún ń sọ̀rọ̀. Ooru ló ń pa á; bí òyìnbó ṣe ṣe é nìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ mi.

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín: "Ṣé ká máa wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tuntun ni?"

Ohun tí n ó kọ sí Bàbá Túnjí lọ́la nìyí: Ooru ọ̀sán ló ń pa àwọn rédíò náà; ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ tètè fèsì.