Ẹja Tó Ń Jáde Kí Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdu

A ṣí omi fún oníbàárà lónìí. Ènìyàn mọ́kànlá ni mo kó wọ Sorda, ibi tí òkun ti yà wọ àárín àpáta. Gbogbo wọn funfun bí ìyẹ̀fun, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Mo de dígí ojú mọ́ wọn lórí, mo ti páìpù ìmí bọ̀ wọ́n lẹ́nu, mo ní: ẹ dojú bolẹ̀, ẹ máa mí, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò kú sí mi lọ́wọ́ rí.

Mo fi òòrẹ̀ òkun hàn wọ́n. Mo fi ẹja ìràwọ̀ pupa hàn wọ́n. Mo fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ hàn wọ́n nínú ihò rẹ̀ — èmi nìkan ni mo mọ ihò yẹn. Ìgbà náà ni mo kó wọn dé iwájú àpáta ńlá, mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo dúró.

Bíṣọ́ọ̀bù jáde. Ẹja mẹ́rù tó tóbi tó ọmọ ọdún méje, ètè rẹ̀ nípọn, ó ń rọra bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ súre fún ìjọ. Ọwọ́ mi ló wá bá tààrà. Obìnrin ará Líọ́ọ̀nù kan sunkún sínú dígí ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹja yìí mọ̀ yín ni?" Mo ní, mímọ̀ kọ́, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Kíláàsì mẹ́ta ni mo kà. Bàbá mi kò ní bàtà. Lónìí pákó kan wà ní èbúté, lẹ́tà rẹ̀ gùn tó apá mi: GALDRIC LÓ MỌ SORDA. Kí àwọn ọ̀mọ̀wé wá kà á.

Òjìji ló wa ọkọ̀. Jep, àbúrò mi. Ọdún méjìdínláàádọ́rin, kò ní ìyàwó, kò ní ọkọ̀, kò ní ohùn. Ohun tí mo bá ní kó ṣe ló ń ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Òkúdu

Tramontáánà. Afẹ́fẹ́ òkè burúkú yẹn. Ẹnikẹ́ni kò wọ omi. Mo na Jep ní káàdì lẹ́ẹ̀meje.

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdu

Ọmọ Ìwé wá bá mi nílé kọfí. Clarisse ni wọ́n ń pè é, òun ni ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ Sorda rán sí wa. Ọ̀kọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, àwọ̀n kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ìwọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ — Clarisse nìkan ló ń wọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú.

Ó ka lẹ́tà sí mi létí níwájú àwọn ènìyàn, bí ẹni pé èmi kò lè kà á. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Agẹmọ, òun àti ọ̀gá méjì láti ìlú ńlá yóò bá mi wọ omi. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò fún mi ní ìwé àṣẹ ọdún mẹ́wàá, èmi nìkan. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ó di ti àwọn ọlọ́kọ̀ ofeefee láti Perpignan.

Kí ló máa ṣe tí kò ní tẹ́ wọn lọ́rùn?

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Galdric, mo rí nǹkan lẹ́nu ẹja ńlá yẹn lọ́jọ́ Ajé. Ẹyin sísè ni. Ẹnìkan ń fún un lóúnjẹ." Ó ní ẹyin ń ba ẹ̀dọ̀ ẹja jẹ́, ó ń sọ ọ́ di alágbe, ọjọ́ kan ni yóò lọ tọrọ lọ́wọ́ ẹni tó mú ọ̀kọ̀ dání. Ó ní ẹni tí wọ́n bá mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní kan Sorda mọ́ títí ayé.

Mo ní, "Ọmọ mi, nígbà tí ìyá rẹ ń wẹ̀ ọ́ nínú bàsíà ni mo ti ń bá ẹja sọ̀rọ̀. Ẹja yẹn kò nílò ẹyin kó tó mọ ẹni tí mo jẹ́." Ilé kọfí rẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì. Ó dùn mọ́ mi.

Ṣùgbọ́n ẹyin! Ẹnìkan ń fi ẹyin ra ọlá mi. Mo na ọwọ́ yìí sókè, mo ní ọwọ́ yìí ni yóò mú olè náà, ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Òkúdu

Jep sun ìgbín lórí ẹ̀yinná, ó fi tòmátì àti aáyù pa búrẹ́dì. Láti ìgbà tí Rosèlia ìyàwó mi ti kú, òun ló ń dáná. Èmi kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí, n kò sì fẹ́ mọ̀.

Mo bi í pé ta ni ó fura sí. Ó tẹjú mọ́ àwo. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi húkọ́. Mo ní, "Ìwọ náà ń gba ènìyàn nímọ̀ràn? Ìwọ tí obìnrin kan ṣoṣo tó gbà láti fẹ́ ọ ti sá kí kéèkì ìgbéyàwó tó gbẹ?"

Ó palẹ̀ àwo mọ́. Ó fọ̀ wọ́n dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Òkúdu

Mo ti mú un.

Mo ní kí àwọn oníbàárà máa wọ ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, bàtà rọ́bà tí a fi ń lúwẹ̀ẹ́, mo ní mo gbàgbé ọ̀bẹ. Mo gba ẹ̀yìn àpáta wọ omi, láìmú páìpù. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ lọ ju ìdúró ènìyàn méjì lọ sísàlẹ̀ láti ìgbà tí awọ etí mi ti ya. Mo lọ. Etí ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi okùn aláwọ̀ ojú ọ̀run so — èmi fúnra mi ni mo fi Jep ṣẹ̀sín nítorí okùn yẹn lọ́dún tó kọjá. Ó wà lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí oníbàárà kò lè rí. Ó yọ ẹyin láti inú ìbọ̀sẹ̀, ó ti bó o, ó le, ó funfun. Bíṣọ́ọ̀bù jẹ ìdajì lọ́wọ́ rẹ̀ bí ajá ilé. Ó wá ki ìdajì yòókù sínú ihò kékeré tó wà lára àpáta, níbi gan-an tí mo máa ń na ọwọ́ ọ̀tún mi sí.

Nínú ọkọ̀ ni mo ti bi í. Ó ní, "Láti ọdún tí etí yín ti ya ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹja náà kò jáde mọ́. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ wá délé, ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kò jẹun, ẹ kò sọ̀rọ̀. Mo wá ní kí n..."

Kò parí rẹ̀. Mo ní kó yí ọkọ̀ padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Òkúdu

Ọdún mẹ́sàn-án ni etí mi ti ya. Ọdún mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Ajé, 17 Òkúdu

Mo ro ó. Bí mo bá dákẹ́ tí Clarisse sì mú un, wọn yóò ní àwa méjèèjì ni. Bí mo bá fà á lé wọn lọ́wọ́, yóò ku èmi. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi Rosèlia búra pé kò ní sọ ìdí rẹ̀. Ó búra.

Ilé kọfí kún. Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú, mo mú un lọ síwájú Ọmọ Ìwé. Mo ní, "Mo sọ pé ọwọ́ yìí ni yóò mú olè. N kò sọ pé ọmọ ta ni yóò jẹ́. Ọmọ ìyá mi ni. Òun rèé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ o! Ferriol tó ń ta òòrẹ̀ òkun ní, "Galdric, ọ̀tọ̀ lọkùnrin tó ò ń ṣe!"

Clarisse kò pàtẹ́wọ́. Ó bi Jep pé, "Kí ló dé, Bàbá Jep?" Jep wò mí. Ó ní, "Mo kàn fẹ́ràn ẹja náà ni."

Ó tọwọ́ bọ̀wé pé ẹsẹ̀ òun kò ní kan omi Sorda mọ́, àní dé ọrùn ẹsẹ̀. Omi tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ kó tó lè ka owó. Mo ní kó lọ kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé mi. Ó ní, "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n."

Kò bẹ̀bẹ̀. Mo fẹ́ kó bẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 24 Òkúdu

Iná ọdún Sant Joan létí òkun. Gbogbo ìlú wà níbẹ̀. Jep fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rùn bí ẹja oníyọ̀ — yàrá kan lókè ibi tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ sí ẹja ló ń gbé báyìí. Ferriol, ó ti mutí yó, ó ní, "Ọ̀bẹ Galdric mú o, ilé ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ gé!" Mo rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Mo ra wáìnì fún gbogbo wọn. Jep nìkan ni n kò rà fún.

Mo jẹ ẹja inú agolo nílé. Mo wá iyọ̀ títí.

Ọjọ́bọ̀, 27 Òkúdu

Bíṣọ́ọ̀bù kò jáde. Mo ní omi dọ̀tí. Omi kò dọ̀tí.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Òkúdu

Kò jáde. Mo na ọwọ́ títí iṣan fi fà mí. Ọkùnrin ará Tùlúùsì kan yọ páìpù lẹ́nu, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹja yín gba ìsinmi ni?" Àwọn ìyókù ń rẹ́rìn-ín, omi ń wọ̀ wọ́n nímú. Mo ní kí omi náà pa wọ́n. Mo rò ó nínú ni, n kò sọ ọ́ jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Agẹmọ

Kò jáde.

Nígbà tí mo ń bọ̀, Jep jókòó ní èbúté, ó ń tún okùn ṣe fún àwọn apẹja. Ó dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá máa —" Mo ní bó bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kó lọ sọ ọ́ fún ẹyin rẹ̀. Àwọn apẹja rẹ́rìn-ín. Ó jókòó padà.

Ọjọ́bọ̀, 4 Agẹmọ

Mo ra ẹyin mẹ́fà. Obìnrin tó ń tajà ní, "Háà! Galdric, ìwọ náà ti ń dáná?" Mo ní àlejò ń bọ̀ láti ọ́fíìsì. Irọ́ kọ́ ni.

Wọn yóò fún mi níwèé náà, lẹ́yìn ìyẹn Bíṣọ́ọ̀bù lè lọ sí ọ̀run àpáàdì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Mo tan iná gáàsì. Mo kó ẹyin méjì sínú omi. Ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí hó, mo yọ wọ́n. Kí ló wà nínú ìyẹn? Ohun tí adìyẹ lè yé, ṣé èmi Galdric kò ní lè sè é? N kò bó o bíi ti Jep, n kò fẹ́ kí funfun rẹ̀ máa tàn nínú ìbọ̀sẹ̀. Èèpo rẹ̀ yóò bò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Agẹmọ

Omi mọ́ bíi dígí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Clarisse, ọ̀gá méjì, àti oníbàárà mẹ́jọ tí wọ́n ní kí n kó wá bíi ti ojoojúmọ́. Mo fi ohun gbogbo hàn wọ́n. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ wà nílé. Àwọn ọ̀gá ń na àtàǹpàkò sókè.

A dé iwájú àpáta ńlá. Mo yọ ẹyin kan nínú ìbọ̀sẹ̀, mo pa á mọ́ sínú ọwọ́ ọ̀tún. Mo na ọwọ́. Bíṣọ́ọ̀bù yọjú lẹ́nu ihò. Ó wà níbẹ̀! Inú mi dùn débi pé mo fún ọwọ́ pọ̀ kí èèpo lè fọ́.

Pupa ẹyin tú jáde. Tútù. Ó tàn yí mi ká bí ìkúùkù, ofeefee, ó bo ọwọ́ mi, ó bo dígí ojú mi. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ya bò mí, ọgọ́rùn-ún, igba, wọ́n ń gé mi lẹ́tè, wọ́n ń gé mi létí. Mo ń fọwọ́ lé wọn. Bí mo ti ń fọwọ́ lé wọn ni ẹyin ń tàn sí i. Nínú ofeefee yẹn mo rí ojú Clarisse nínú dígí rẹ̀, kò jìnnà tó apá kan. Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù.

Bíṣọ́ọ̀bù wò mí. Ó padà wọlé.

Lórí omi, oníbàárà kan bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì tẹ̀ lé e. Clarisse yọ páìpù lẹ́nu. Ó ní, "Bàbá Galdric, ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó máa mú olè yẹn, èmi kọ́ ni mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ni." Àwọn ọ̀gá ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sínú ọkọ̀.

Ní èbúté, Ferriol ti gbé àkàbà, ó ń tú pákó mi. Ta ló tètè sọ fún un? Ó ní, "Wọ́n ní kí n fi pákó yìí dáná se ẹyin!" Gbogbo èbúté hó yèè.

Orí òkúta ni Jep wà, ibi tí omi kò lè kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun ló na ọwọ́ láti fà mí gòkè. Ó wo ọwọ́ mi, pupa ẹyin ṣì lẹ̀ mọ́ àárín ìka. Ó nù ún sára ṣòkòtò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èmi nìkan ni mo gbọ́:

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ń sè é, Ẹ̀gbọ́n."

Ó padà sídìí okùn rẹ̀.

Mo délé. Mo fọ́ ẹyin kejì sínú àwo. Ó ń ṣàn. N kò rí iyọ̀.